Òkúta Kì í Sùn Lórí Yanrìn Lásán

Omi kì í ti afárá ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni omi ń kan afárá bí àgbò ṣe ń kan ògiri. Rárá o. Abẹ́lẹ̀ ló ń gbà. Omi tó ń ṣàn bọ̀, tó bá òpó lọ́nà, tí kò rí ibi kọjá, á dorí kodò, á máa họ ilẹ̀ níwájú òpó náà bí adìyẹ ṣe ń họ ààtàn. Lẹ́yìn náà á pín sí méjì, ọ̀kan á gba ọ̀tún, ọ̀kan á gba òsì, wọ́n á sì máa kó yanrìn tí wọ́n họ lọ. Ojoojúmọ́ ni. Òpó á dúró gbọn-in lójú gbogbo ayé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti wà nínú kòtò.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní èyí, kì í sì í ṣe torí afárá ló ṣe kọ́ mi. Apẹja ni bàbá mi. Láti ilẹ̀ Ìlàjẹ ló ti wa ọkọ̀ gba etí òkun wá sí Kamẹrúùnù kí wọ́n tó bí mi. Bó bá fẹ́ ri òpó tó máa so ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tó fi ń mú ẹja, mọ́ sójú ìṣàn omi, kì í kàn gún un mọ́lẹ̀ kó máa lọ. Á kọ́kọ́ hun imọ̀ ọ̀pẹ bí ẹní, á tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ odò, á da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kó tó wá kó òkúta ńlá jọ sídìí òpó. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí a kì í kàn ju òkúta ńlá síbẹ̀ ká sinmi. Ó wò mí.

"Bí wọ́n bá tẹ́ ọ sórí ẹrẹ̀ láìsí ẹní, ṣé wàá sùn?"

"Rárá, bàbá."

"Òkúta náà kì í sùn lórí yanrìn lásán. Omi á máa fa yanrìn yọ láàárín wọn, òkúta á máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí o ò fi ní rí i mọ́. Àwọn aláìmọ̀kan á ní omi ló gbé e lọ. Omi kò gbé nǹkan kan lọ. Ilẹ̀ ló gbé e mì."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó mọ̀wé kà. Òun ló fà á tí ohun tí wọ́n ṣe sí mi fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ká ní n kò mọ̀, ǹ bá ti gbà pé àṣìṣe ni.

Èmi ò di apẹja. Wáyà ni mo ń hun. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní New Bell, nílùú Douala, mo ń hun ilé adìyẹ, mo ń hun ajọ̀ tí àwọn bíríkìlà fi ń jọ̀ yanrìn, mo sì ń ṣe irin ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni àgò wáyà, ìyẹn àpótí ńlá tí a fi wáyà tó nípọn hun, tí a ó di òkúta kún, tí a ó sì ran ẹnu rẹ̀ pa, láti fi dáàbò bo etí odò àti ẹsẹ̀ afárá. Ẹni tó bá mọ ìgèrè hun, àgò wáyà kò lè fún un ní wàhálà. Tọ̀hún ń mú ẹja, èyí ń mú òkúta.

Kókó tí mo fi ń parí rẹ̀ náà, ti bàbá mi ni. Láàárín àwọn apẹja tí wọ́n jọ wá, olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń so ẹnu ìgèrè tirẹ̀ pa, kí ẹlòmíràn má baà fà á yọ lódò kó ní tòun ni. Ti bàbá mi, á yí i lẹ́ẹ̀mẹta sọ́tùn-ún, á wá dá orí okùn náà padà sínú láti apá òsì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tó bá èèyàn jà, torí kókó náà ni. Ọkùnrin kan gbé ìgèrè rẹ̀, ó ní tòun ni. Bàbá mi ní kó so òmíràn bíi rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin náà fi okùn náà yí ìka ara rẹ̀ títí ó fi jù ú sílẹ̀. Ọwọ́ èmi náà kò mọ kókó mìíràn so, àní lórí ilé adìyẹ.

Ó dáa. Odò kékeré kan wà lọ́nà Logbaba. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ lè là á kọjá kí omi má kan ikùn rẹ̀. Nígbà òjò, ó ń gbé ike, bàtà, tìmùtìmù, àní mo ti rí fìríìjì tó léfòó kọjá pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń ṣí tó ń padé. Afárá olópòó méjì ló dá odò náà kọjá. Ìjọba ìlú, tí àwa níbí ń pè ní mérì, gbé àtúnṣe ẹsẹ̀ afárá náà fún kọ̀ǹgílá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Òun náà ni alága ẹgbẹ́ tí àwa ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní Douala, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí lápapọ̀. Ilé rẹ̀ wà lódìkejì odò yẹn gan-an. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń ṣe ìpàdé ní Sọ́ńdè tó bá kẹ́yìn oṣù. Alága ni gbogbo wa ń pè é. Èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní orúkọ mìíràn fún un nínú mi.

Òun ló pè mí sí iṣẹ́ náà. Mo hun àgò, mo hun ún dáadáa. Nínú ìwé tí mérì fún un, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n tó gbé àgò sílẹ̀, kí wọ́n tẹ́ aṣọ kan sábẹ́ rẹ̀, aṣọ tó nípọn, tí omi lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí yanrìn kò lè gbà. Nígbà tí wọ́n ka èyí sí mi létí, mo rẹ́rìn-ín. Ẹní imọ̀ ọ̀pẹ bàbá mi ni àwọn òyìnbó sọ di aṣọ.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a máa gbé àgò sílẹ̀, n kò rí aṣọ kankan.

"Alága, aṣọ abẹ́ rẹ̀ dà?"

"Ó ń bọ̀ láti Akwa."

"Ṣé ká dúró dè é?"

Ó na ìka sókè. Òjò ti ṣú dúdú lápá òkun. "Ìwọ bá òjò sọ ọ́ pé kó dúró."

Mo ní bí aṣọ kò bá tíì dé, kó fún mi ní ọjọ́ méjì péré, kí n gé imọ̀ ọ̀pẹ, kí n hun ẹní, ká da òkúta wẹ́wẹ́ lé e kí á tó gbé àgò lé e. Alága di ìbàdí mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ apẹja fẹ́ tẹ́ ẹní fún odò. Ṣé odò bímọ ni? Ṣé ká gbé ìrọ̀rí wá pẹ̀lú?"

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ká ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí i, Alága!"

"Arákùnrin," Alága wí, ó gbá mi léjìká, "hun wáyà rẹ. Ìgèrè kọ́ la wá dẹ níbí."

Mo hun wáyà mi. A gbé àgò lé orí yanrìn lásán, òkúta ńláńlá nínú wọn. Kò yẹ kí n gbà, mo sì mọ̀ pé kò yẹ. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan sì ni ẹnikẹ́ni kò fi kàn mí.

Òjò wá dé. Ẹni tó bá ti gbé Douala rí mọ̀ pé òjò ibẹ̀ kì í wá kí èèyàn kó lọ, ó ń kó ẹrù wá ni. Nígbà tí omi fà, wọ́n wo ìdí òpó kejì, kò sí àgò kan níbẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Òpó náà ti rì, kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n orí afárá ti la ẹnu débi tí ọwọ́ èèyàn lè wọ inú rẹ̀. Mérì fi àgbá dí ojú ọ̀nà fún mọ́tò. Bẹ́ńsìkìn, ìyẹn ọ̀kadà tiwa níbí, àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń kọjá. Wọ́n sì pe Alága pé kó wá ṣàlàyé.

Ní Sọ́ńdè ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Alága dìde dúró láàárín àgbàlá rẹ̀. Ó nu ojú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣe afárá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo gbé iṣẹ́ fún ọmọ wa, mo ní kí ọmọ wa náà jẹun. Wáyà tí mo kó fún un, ó tà á. Ìdajì ló fi hun iṣẹ́. Omi ya á bí ìwé."

Ó nàka sí mi. Mo dìde.

"Alága, ẹ̀yin àti èmi jọ mọ̀ pé kò sí..."

"Jókòó! Wáyà ni mo fún ọ, o jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, àgò ọ̀hún dà? Lọ mú ọ̀kan wá ká rí i!"

Kí ni ǹ bá mú wá? Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà, omi sì wà lórí ilẹ̀ náà. Mo la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnìkan wá pariwo láti ẹ̀yìn: "Ajẹwáyà!" Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣàánú mi pàápàá rẹ́rìn-ín, torí orúkọ náà dùn ún pè. Mo wo Alága. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun. Ẹ̀sùn yẹn, bóyá ǹ bá ti fara dà á. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, n kò ní orúkọ mìíràn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n hun ilé adìyẹ á ní kí n wọn wáyà lójú òun, á tún dúró tì mí títí n óò fi hun ún tán. Ìyàwó mi ń ta ike àti abọ́ ní ọjà New Bell. Obìnrin kan bi í, "Ìyàwó Ajẹwáyà, ṣé garawa yìí pé? Ọkọ yín ò tíì bu ẹnu rẹ̀ jẹ?"

Ìyàwó mi ní, "Ó ti fi ike sílẹ̀. Èèyàn ló ń jẹ báyìí. Sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀."

Ó fi ìyẹn pa àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ọmọbìnrin wa, tí wọ́n bí síbí, tí Faransé dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, gbọ́ orúkọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí nídìí oúnjẹ.

"Papa, kí ni ajẹwáyà? Ṣé métíyé ni?"

Ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, bíi bíríkìlà tàbí télọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Métíyé tiyín?" Mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

N kò bá Alága jà. Kí ẹ má rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ló mú mi dákẹ́. Tí mo bá lù ú, orí mi ni wọ́n á tún gbé ẹ̀bi kà, wọ́n á ní olè tún di jàǹdùkú. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí àwọn etí tó gbọ́ ọ gbọ́ ọ padà, kí ẹnu tó sọ ọ́ sì sọ ọ́ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń fẹ́ ohun tó burú ju ìyẹn lọ, n kò ní purọ́. Nígbà òjò, mo máa ń lọ dúró létí odò náà lọ́sàn-án, mo ń wo bí omi ṣe ń yí nídìí òpó, mo ń sọ nínú mi pé: jẹ ẹ́, jẹ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n dúró de ìgbà tí Alága bá wà lórí rẹ̀. Mo ti rò ó títí kan bí fìlà rẹ̀ ṣe máa léfòó. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń rò ó lọ báyìí, àwọn ọmọ iléèwé tú jáde. Wọ́n sáré gorí afárá, wọ́n ń díje ta ló lè fò kọjá ibi tó lanu láìfẹsẹ̀ kàn án. Mo lọ sílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi.

Ó ń to abọ́. Kò wò mí. "Afárá kò mọ ẹni tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín," ó ní. "Lọ wá ẹ̀san tó mọ ojú èèyàn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí mérì. Lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n lọ kọ̀wé wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin ẹnjiníà kan tó ń kọjá lọ gbọ́ ohùn mi. Ọmọ Kamẹrúùnù ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, bàtà òjò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Mo fi Faransé mi tó ń tiro sọ fún un pé àwọn àgò mi ṣì wà nídìí òpó.

Ó ní, "Papa, odò ti gbé wọn lọ."

"Madame, ilẹ̀ ló gbé wọn mì. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Tí n kò bá rí wọn, ẹ gbé mi lọ sí ẹ̀wọ̀n New Bell. Ilé mi ò jìnnà síbẹ̀, ìyàwó mi á máa gbé oúnjẹ wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí n jókòó. Ó ní kí n tún bí yanrìn ṣe ń yọ láàárín òkúta sọ fún òun. Mo sọ ọ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Wọ́n fi àpò yanrìn darí omi gba ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí òpó kejì sì gbẹ. Ẹnjiníà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́rin wà níbẹ̀. Alága wá, ó dúró lórí afárá lábẹ́ agbòjò, torí oòrùn. Mo bọ́ èwù mi, mo gba ṣọ́bìrì.

"Ẹ bá wa kí Ajẹwáyà," ó ké láti òkè. "Ó ń wá èyí tó jẹ kù!"

Mo gbẹ́ ẹ débi orúnkún, yanrìn. Mo gbẹ́ ẹ débi ìbàdí, yanrìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wo ojú ara wọn. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu súfèé. Òógùn wọ̀ mí lójú, mo sì ń ronú bí mo ṣe fi ẹnu ara mi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n. Ìgbà tí kòtò náà dé àyà mi ni ṣọ́bìrì dún lára irin. Mo jù ú sílẹ̀, mo fi ọwọ́ họ ọ́. Wáyà mi ni. Mo tẹ̀ lé e títí mo fi kan ẹnu rẹ̀: lẹ́ẹ̀mẹta sọ́tùn-ún, orí rẹ̀ padà sínú láti apá òsì. Kò já níbì kankan. Òkúta inú rẹ̀ kò dín ẹyọ kan.

Mo gbé ojú sókè.

"Alága! Ẹ ní kí n mú ọ̀kan wá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á o, ó wúwo fún mi."

Agbòjò náà kò mì. Ẹnjiníà bọ́ sínú kòtò tòun ti bàtà rẹ̀, ó wọn wáyà náà, ó yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó bá ìwé mu. Mo gbẹ́ ìkejì, mo gbẹ́ ìkẹta. Odindi ni gbogbo wọn, wọ́n sùn síbi tí ilẹ̀ gbé wọn mì dé. Ẹnjiníà wá gbé orí sókè sí Alága.

"Aṣọ abẹ́ wọn dà, mọ̀síyè?"

"Ó wà nísàlẹ̀."

"Papa, ẹ gbẹ́ ẹ."

Mo gbẹ́ ẹ. Yanrìn ni.

"Omi ti gbé ìyẹn," Alága wí.

"Omi fa aṣọ yọ lábẹ́ òkúta, ó sì fi òkúta sílẹ̀?"

Ẹnjiníà ṣí àpò rẹ̀, ó mú ègé aṣọ náà kan jáde kí àwọn òṣìṣẹ́ lè mọ ohun tí wọ́n ń wá. Dúdú ni, ó nípọn, irun rẹ̀ wé mọ́ra bí irun àgùntàn tí òjò pa, ìlà funfun kan sì wà létí rẹ̀. Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Mo ti dúró lórí rẹ̀ rí. Àgbàlá Alága ni. Ẹrẹ̀ àgbàlá náà ni wọ́n tẹ́ ẹ bò kí bàtà àlejò má baà dọ̀tí, orí rẹ̀ sì ni gbogbo wa gbé àga lé lọ́jọ́ tó pè mí lólè.

Mo gbé ojú sókè sí i. Ó rí i pé mo mọ̀. Ó ń dúró kí n sọ ọ́.

Mo pa ẹnu mi mọ́. Tí mo bá sọ ọ́ nínú kòtò yẹn, èèyàn mélòó ló máa gbọ́? Mo tọrọ ègé aṣọ náà lọ́wọ́ ẹnjiníà, mo ká a, mo fi sápò. Mo ní, "Alága, ó di Sọ́ńdè." Ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé kò ní sùn, mo sì mọ̀ pé kò lè ká aṣọ tó gba gbogbo àgbàlá láìjẹ́ pé àwọn ará àdúgbò bi í léèrè. N kò tíì gbádùn ọjọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo jẹun. Mo kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ní ẹ̀rín mi ń ba òun lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, àgbàlá kún. Nígbà tí wọ́n ní bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, mo dìde.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín sókè."

"Ajẹwáyà fẹ́ gbálẹ̀!" ẹnìkan wí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo mú ègé aṣọ náà lọ fún ìyá ẹgbẹ́, àgbà obìnrin tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, tó ti ń ta aṣọ ní Akwa kí n tó gbéyàwó. Ní ti aṣọ, kò sẹ́ni tó lè parọ́ fún un. Mo ní kó bá mi fi wé ohun tó wà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàńpàkò ra èyí, ó fi ra tọ̀hún, ó wo ìlà funfun.

"Aṣọ kan náà ni," ó ní. "Kí ni wọ́n fi ń ṣe?"

Mo sọ fún wọn. N kò kánjú. Mo sọ ohun tí aṣọ náà wà fún, mo sọ bí òkúta ṣe ń wọlẹ̀ tí kò bá sí i, mo sọ pé mo ti gbẹ́ àgò mẹ́ta jáde lódindi, ẹnjiníà mérì sì wọn wáyà wọn lójú Alága. Mo sọ pé a jókòó lórí ẹ̀rí náà, a sì ń pe ẹlòmíràn lólè.

"Èmi ni mo rà á!" Alága wí. "Ó pẹ́ kó tó dé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n fi ṣe?"

"Odò lẹ rà á fún. Ṣé odò ló ń gba àlejò níbí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ṣì gbé ẹsẹ̀ sókè, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Alága ní kí àwọn àgbà jẹ́ kí a lọ sọ ọ́ nínú yàrá. Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Mo ní wọn kò pè mí sí yàrá nígbà tí wọ́n sọ mí ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀bẹ̀, bàbá kan fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi nítorí rẹ̀, mo yára kúnlẹ̀ kó má baà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà. Mo ní kí Alága sọ ọ́ níbí, kó sọ ọ́ pé n kò ta wáyà, pé òun ni kò tẹ́ aṣọ náà.

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sínú àyà ara rẹ̀.

"Àwọn tó wà nítòsí géètì kò gbọ́," mo ní.

Ó tún un sọ. Ìyá ẹgbẹ́ di ọwọ́ mi mú. "Ó tó, ọmọ mi."

"Ìyá, lọ́jọ́ tèmi, kò sẹ́ni tó ní ó tó."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti fọ́. Ó wá ní, "Dárí jì mí, àbúrò." Gbogbo àgbàlá ń wo ẹnu mi, bí wọ́n ṣe wò ó nígbà kan tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní, "Mo gbọ́." Mo mú fìlà mi, mo jáde. Títí dòní, àwọn kan nínú wọn ń sọ pé mo dójú ti àgbà. Òótọ́ ni.

Mérì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnjiníà gbé iṣẹ́ wáyà náà fún mi, ó sì ní kí n wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi tẹ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ká aṣọ náà kúrò ní àgbàlá, ará ilé Alága fọ̀ ọ́, ọmọkùnrin kan fi ọmọlanke gbé e wá. A tẹ́ ẹ yí òpó méjèèjì ká. Níbi tí kò tó, mo gé imọ̀ ọ̀pẹ, mo hun ẹní, ẹnjiníà fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. A da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, a wá gbé àgò lé e, ẹnu wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu tí afárá là. Òjò ọdún náà wá, ó lọ, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Àgò kan kò rìn.

Mo wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo ń fún wáyà kan le, nígbà tí Alága dé orí afárá. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà délé. Ó rí mi, ó dúró, ó sì di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú.

"O kú iṣẹ́ o." N kò gbé orí sókè. Ó yọ orí sísàlẹ̀. "Ṣé ó dúró dáadáa? Ṣé mo lè kọjá?"

Ó fẹ́ kó dà bí àwàdà. Mo parí kókó tó wà lọ́wọ́ mi. Mo mú wáyà mìíràn, mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn bẹ́ńsìkìn ti ń fọn fèrè sí i lẹ́yìn pé kó kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀kan ń bú u ní Faransé. Síbẹ̀, kò kọjá. Ó ń dúró de ẹnu mi.

"Ẹ máa kọjá, Alága," mo ní. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó máa gbé yín."

Ó kọjá. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi dé òdìkejì.